Ṣíìpù FPGA: Bí Ẹ̀rọ Tó Ń Tún Àwòrán Tò Ṣe Lè Di Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́

Àwọn ẹ̀rọ géèmù tí ayé fi ṣeré láti ọdún 1983 títí di ìparí ọ̀rúndún ogún ti ń darúgbó. Ṣíìpù tó jẹ́ ọkàn wọn kò jáde ní ilé iṣẹ́ mọ́, àwọn tó ń ṣe wọ́n ti pa iṣẹ́ náà tì láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán onígò tí wọ́n ṣe wọ́n fún náà sì ti di ohun tí kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tó tún ń ṣe é. Síbẹ̀, géèmù inú wọn kò kú. Ohun méjì ló ń gbé wọn ró. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní scaler, èyí tí ń gba àwòrán láti ara ẹ̀rọ àtijọ́, tí ń tún un tò, tí í sì gbé e sí ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní kí ó lè mọ́ gaara. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní core, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ń sọ ṣíìpù kan di ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, nǹkan méjèèjì yìí jìnnà síra wọn: ọ̀kan ń ran ẹ̀rọ àtijọ́ lọ́wọ́, èkejì ń rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ kan náà ni wọ́n fi mọ wọ́n. Ṣíìpù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FPGA ló wà nínú ọ̀pọ̀ scaler tó dára jù lọ, òun náà ló sì ń gbé core. Ìdí nìyí tí pátákó tí ènìyàn rà láti fi tún àwòrán ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ ṣe fi lè di ẹ̀rọ géèmù náà gan-an, lọ́jọ́ tí èyí tó wà nílé bá dákẹ́. Bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, ohun tó ń béèrè, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ni àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé lórí.

Ohun tí FPGA jẹ́

Ṣíìpù tó wà nínú rédíò tàbí ẹ̀rọ ìṣirò dà bí ilé tí wọ́n ti kọ́ parí: bí ó bá ti jáde ní ilé iṣẹ́, kò sí ẹni tó lè tún yàrá inú rẹ̀ pín mọ́. FPGA kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ọjà tuntun tí ìsọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lọ yanturu, tí ọ̀nà sì wà láàárín ìsọ̀ kan àti èkejì, ṣùgbọ́n tí kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tí wọn yóò máa tà níbẹ̀ tàbí ọ̀nà tí yóò ṣí. Ẹni tó ni àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò pín iṣẹ́ fún ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun náà ni yóò sọ ìsọ̀ tí yóò bá èkejì dòwò pọ̀. Nínú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ni tábìlì ìdáhùn kékeré kan wà, tí ń sọ pé bí iná báyìí bá wọlé, iná báyìí ni kí ó jáde. Ibi ìfipamọ́ kékeré tó lè di òdo tàbí ení mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá so ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, díẹ̀ ni iṣẹ́ ṣíìpù tí wọn kò ní lè ṣe, bí wọ́n bá ti pọ̀ tó, tí wọ́n sì yára tó.

Ilé iṣẹ́ Xilinx, tí Ross Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984, ló gbé irú ṣíìpù yìí àkọ́kọ́ tó rọ́wọ́ mú lọ́jà jáde ní 1985. XC2064 ni wọ́n pè é, ìsọ̀ 64 péré ló sì wà nínú rẹ̀. Altera, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ni ó bá a díje jù lọ. Intel ra Altera ní 2015, AMD ra Xilinx ní 2022, nígbà tó sì di 2025, Intel ta ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún Altera fún ilé iṣẹ́ Silver Lake. Ìdílé ṣíìpù Altera tí wọ́n ń pè ní Cyclone ni ó gbilẹ̀ jù láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí géèmù àtijọ́.

Ohun kan wà nípa Cyclone tó yẹ kí olùkà fi sọ́kàn, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣíìpù náà kì í rántí iṣẹ́ rẹ̀ bí iná bá kú. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án, ó ní láti tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà láti inú mẹ́mọ́rì tàbí káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún un ní àkọsílẹ̀ mìíràn, kò ba ṣíìpù náà jẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ scaler lónìí, kí ó di ẹ̀rọ géèmù lọ́la, kí ó sì padà di scaler lọ́tunla.

Ìyàtọ̀ core sí ètò afarawé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ń fara wé ẹ̀rọ géèmù àtijọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ dà bí ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ lu ìyáàlù, omele àti gúdúgúdú pọ̀: yóò lu èyí díẹ̀, yóò sáré lu tọ̀hún, yóò tún padà wá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá tó, etí kò ní mọ̀. Core ní tirẹ̀ dà bí ẹgbẹ́ onílù, olúkúlùkù ló dúró ti ìlù tirẹ̀. Nínú ẹ̀rọ gidi, ṣíìpù ọpọlọ, ṣíìpù àwòrán àti ṣíìpù ohùn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú FPGA, tí aago kan náà ń darí wọn. Ìdí nìyí tí bọ́tìnì tí ènìyàn tẹ̀ kì í fi í pẹ́ kí ó tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi èyí tan ẹnikẹ́ni jẹ pé FPGA jẹ́ ẹ̀rọ gidi fúnra rẹ̀. Core kò lè dára ju ìmọ̀ ẹni tó kọ ọ́ lọ. Bí òǹkọ̀wé rẹ̀ kò bá mọ ohun tí ṣíìpù àtijọ́ ń ṣe ní ibi kan, ibẹ̀ ni géèmù yóò ti ṣìnà. Ètò afarawé bíi bsnes, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ Super Nintendo, péye ju ọ̀pọ̀ core lọ, ìwádìí tí irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ gbé jáde sì ni àwọn tó ń kọ core ń gbára lé. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ nínú àwo kan náà ni.

Ìdí tí tẹlifíṣọ̀n òde òní kò fi gbọ́ èdè ẹ̀rọ àtijọ́

Ẹ̀rọ Family Computer tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1983, tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mọ̀ sí NES, ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù. Ìlà 240 ni àwòrán rẹ̀ ní, píkísẹ̀lì 256, ìyẹn tótó àwọ̀ kéékèèké, ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ń ya nǹkan bí àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n onígò kò mọ̀ ju kí ó tẹ̀ lé ìlà náà bí ó ti ń dé lọ. Kò gba àwòrán pamọ́, kò rò ó, kò tún un tò; bí ìlà bá ti dé ni ó ń hàn.

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iye píkísẹ̀lì tirẹ̀ ti wà lójú kan, ìlà 1,080 tàbí 2,160 ló sì sábà máa ń ní. Ó ní láti fẹ àwòrán kékeré náà kí ó tó lè kún ojú rẹ̀. Nígbà tó bá sì rí ìlà 240, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣì í mú fún ìdajì àwòrán ìlà 480, èyí tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àtijọ́ máa ń fi ránṣẹ́ ní ìdajì-ìdajì. Yóò wá máa so ohun tí kì í ṣe ìdajì pọ̀ bí ẹni pé ìdajì ni. Àbájáde rẹ̀ ni àwòrán tí etí rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọ̀ tó dàpọ̀, àti ìdádúró láàárín ọwọ́ àti ojú. Nínú géèmù tí ènìyàn ní láti fò lásìkò gan-an, ìdádúró bẹ́ẹ̀ tó láti sọ ọ̀jáfáfá di ọ̀dẹ̀.

Ibí yìí ni scaler ti wọlé. Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kìíní ni kí ó gba ìlà kan, kí ó tún un yà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ó sì jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò dá ohunkóhun dúró ju ìlà mélòó kan lọ. Ọ̀nà kejì ni kí ó kó odidi àwòrán sínú mẹ́mọ́rì ná, kí ó fẹ̀ ẹ́ bí ó bá ṣe fẹ́, kí ó tó fi ránṣẹ́. Èyí fún un láyè láti ṣe ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n ó gba mẹ́mọ́rì àti ọgbọ́n láti má ṣe dá àwòrán dúró pẹ́. Tẹlifíṣọ̀n tó ní ìlà 2,160 bá ẹ̀rọ àtijọ́ mu púpọ̀, nítorí pé 240 lọ́nà 9 ni 2,160 gẹ́lẹ́, kò sí àṣẹ́kù.

Fún àwọn tó dàgbà ní Nàìjíríà, ìṣòro mìíràn tún wà. Ìlànà PAL ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń lò láyé ìgbà náà, àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Benin àti Togo sì ń lo ìlànà SECAM ti àwọn Faransé, èyí tí iye àwòrán rẹ̀ jẹ́ 50 bákan náà. Géèmù tí wọ́n kọ fún àwòrán 60 ní Japan, tí wọn kò sì tún aago rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n gbé e wá fún PAL, ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà, orin inú rẹ̀ pàápàá ń lọ́ra. Core lè lo aago èyíkéyìí tí wọ́n bá fún un, nítorí náà ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ mọ géèmù kan rí lè gbọ́ ìyára tí àwọn tó ṣe é fẹ́ fún un fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ohun tó wà nínú pátákó scaler

Lára àwọn scaler tí òkìkí wọn kàn ni OSSC, tí Markus Hiienkari ọmọ ilẹ̀ Finland ṣe. Ó ṣí àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí àti láti tún ṣe. Ṣíìpù Cyclone IV ni OSSC àkọ́kọ́ ń lò, ọ̀nà kìíní tí àlàyé rẹ̀ ti ṣáájú ni ó sì ń tọ̀, nítorí náà kò ní mẹ́mọ́rì tó lè gba odidi àwòrán. OSSC Pro tó tẹ̀ lé e lo Cyclone V, ó ní mẹ́mọ́rì tó pọ̀ tó láti gba àwòrán pamọ́, ó ní àyè káàdì SD àti ẹnu HDMI. Ní Amẹ́ríkà, Mike Chi ni ó ń ṣe àwọn scaler RetroTINK. RetroTINK-4K, tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ní iye dọ́là 750, lè gbé àwòrán ìlà 2,160 jáde nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. FPGA ni òun náà ń lò.

Bí ènìyàn bá ka ohun tó wà lórí irú pátákó bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà tí ẹ̀rọ géèmù ń fẹ́: FPGA, mẹ́mọ́rì, aago tó ṣeé yí padà, ibi tí káàdì ń wọ̀, àti ọ̀nà tí àwòrán àti ohùn ń gbà jáde. Kódà, kí OSSC Pro tó jáde, Hiienkari ṣe pátákó àfikún kan tí wọ́n ń so mọ́ DE10-Nano láti sọ ọ́ di scaler. DE10-Nano yìí gan-an, tí ilé iṣẹ́ Terasic ń ṣe, ni iṣẹ́ MiSTer dúró lé lórí.

MiSTer ni iṣẹ́ tí Alexey Melnikov bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tó gbé jáde láti ara iṣẹ́ MiST tí Till Harbaum ti ṣe ṣáájú. Ó ti kó core ẹ̀rọ géèmù, kọ̀ǹpútà àtijọ́ àti géèmù olówó-ẹyọ jọ sórí pátákó kan ṣoṣo. Cyclone V tó wà lórí DE10-Nano ní ìsọ̀ 110,000, ọpọlọ ARM méjì sì wà nínú ṣíìpù kan náà. Nínú MiSTer fúnra rẹ̀, scaler kan wà tí òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ Temlib kọ. Gbogbo core ló ń kó àwòrán rẹ̀ fún un kí ó tó jáde lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, lórí pátákó kan náà, scaler ń gbé inú ẹ̀rọ géèmù. Lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pátákó náà di scaler.

Bí pátákó àwòrán ṣe gba iṣẹ́ ẹ̀rọ géèmù

Ìtàn kan wà tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Kevin Horton, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Kevtris, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi wádìí ṣíìpù NES. Ó ṣe pátákó kan tí wọ́n ń pè ní Hi-Def NES. Wọ́n ń jó o mọ́ inú NES gidi ni. Yóò máa wo ohun tí ṣíìpù àtijọ́ ń ṣe, FPGA inú rẹ̀ yóò sì mú àwòrán HDMI jáde. Ní àkókò kan náà, ilé iṣẹ́ Analogue ní Amẹ́ríkà ń ta ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Nt, èyí tí wọ́n ń fi ṣíìpù tí wọ́n tú láti inú Family Computer àtijọ́ kọ́. Iṣẹ́ Horton ni wọ́n fi fún un ní HDMI. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ gidi ń ṣeré, FPGA ń ràn án lọ́wọ́ láti hàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó gbára lé títú òkú ẹ̀rọ mìíràn kò lè pẹ́ lọ títí. Ní 2017, Analogue gbé Nt Mini jáde. Nínú rẹ̀, kò sí ṣíìpù àtijọ́ kankan mọ́. Cyclone V ló ń ṣe iṣẹ́ NES, òun náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ àwòrán. Kò pẹ́ tí Horton tún fi àkọsílẹ̀ àfikún sílẹ̀ tó mú kí ẹ̀rọ kan náà lè di Game Boy, Sega Master System, ColecoVision àti àwọn mìíràn. Kò sí ẹni tó yí ohunkóhun padà lára ẹ̀rọ náà. Àkọsílẹ̀ orí káàdì nìkan ni ó yí padà. Ní 2021, Analogue bẹ̀rẹ̀ sí í fi Pocket ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, ẹ̀rọ alágbèéká tí ojú rẹ̀ ní píkísẹ̀lì 1,600 lọ́nà 1,440, ìlọ́po 10 ti Game Boy ní ìbú àti ní òró. Ní 2022, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti gbé core tiwọn sórí rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nínú gbígbé core dé orí scaler

Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń da core MiSTer kọ orí káàdì scaler, kí ó sì ṣiṣẹ́. Àkọsílẹ̀ tí FPGA ń kà jẹ́ ti ṣíìpù kan pàtó. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò wúlò fún èkejì. Ọ̀rọ̀ Verilog tàbí VHDL tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ kọ ni wọ́n ní láti padà lọ gbé, kí wọ́n sì fi sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù náà tún un túmọ̀. Wọn yóò sọ ẹsẹ̀ ṣíìpù tí mẹ́mọ́rì wà, èyí tí ohùn ń gbà jáde, àti èyí tí aago ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì, tó jẹ́ ìdíwọ́ tó lágbára jù. Scaler ń ka mẹ́mọ́rì lọ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń ka ìwé láti ojú ewé àkọ́kọ́ lọ. Mẹ́mọ́rì DDR mọ irú iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ẹ̀rọ géèmù kì í ṣe bẹ́ẹ̀; yóò béèrè ohun kan níhìn-ín, yóò tún béèrè òmíràn ní ibi tó jìnnà, ó sì ń fẹ́ ìdáhùn lásìkò tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ọpọlọ NES ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 1.79 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó ní nǹkan bí ìdá 559 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá láti fi dúró de ìdáhùn kan. Àyè yẹn pọ̀ lójú mẹ́mọ́rì òde òní. Bí ẹ̀rọ bá ṣe tuntun sí i ni àyè náà ń dín kù, tí iye ohun tó ń béèrè sì ń pọ̀ sí i. Nítorí èyí ni MiSTer fi ń lo pátákó SDRAM àfikún fún ọ̀pọ̀ core, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́mọ́rì DDR3 tó tó gígábáìtì kan wà lórí DE10-Nano: ìdáhùn DDR3 kì í dé lásìkò kan náà nígbà gbogbo, pàápàá bí ọpọlọ ARM bá ń bá a pín in lò.

Ìdíwọ́ kẹta ni àyè inú ṣíìpù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. FPGA tí wọ́n yàn fún scaler lè má ní ìsọ̀ tó pọ̀ tó fún ẹ̀rọ ńlá. NES, Game Boy àti Master System kéré, wọn yóò wọ ibi tóóró. Super Nintendo àti Mega Drive ń fẹ́ àyè sí i. PlayStation tó jáde ní 1994 àti Nintendo 64 tó jáde ní 1996 ni Robert Peip fi ọgbọ́n gbé sórí DE10-Nano, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti rò pé Nintendo 64 kò lè wọ ibẹ̀. Analogue 3D tó jáde ní 2025 fún Nintendo 64 nìkan ń lo ṣíìpù tó ní ìsọ̀ 220,000, ìlọ́po méjì ti DE10-Nano.

Ìdíwọ́ kẹrin rọrùn láti gbàgbé: ọwọ́. Scaler kò ní ibi tí wọ́n ń ki ọwọ́ géèmù sí, nítorí rìmóòtù nìkan ni ó ń retí. MiSTer ń lo ọpọlọ ARM àti Linux láti bá ọwọ́ géèmù USB sọ̀rọ̀, láti ṣí fáìlì, àti láti fi àkójọ géèmù hàn. Bí FPGA scaler kò bá ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ nínú, wọ́n ní láti fi díẹ̀ lára ìsọ̀ rẹ̀ kọ́ ọpọlọ kékeré kan, kí wọ́n sì jó ibi ìsopọ̀ ọwọ́ géèmù mọ́ pátákó náà.

Aago méjì nínú ilé kan

Èrè tí scaler ní lórí pátákó mìíràn hàn jù níbi aago. NES kì í ya àwòrán 60 gẹ́lẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 60.0988 ni. Tẹlifíṣọ̀n òde òní ń retí 60. Bí wọ́n bá jẹ́ kí aago méjèèjì máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwòrán kan ṣoṣo yóò máa ṣẹ́ kù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì ní láti jù ú nù. Ojú yóò rí i bí ìfàsẹ́yìn kékeré nígbà tí àwòrán bá ń rìn lọ láti apá kan sí èkejì.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Wọ́n lè dín aago core kù díẹ̀ kí ó bá 60 mu, tí géèmù yóò sì falẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú 500, èyí tí etí àti ojú kò lè mọ̀. Tàbí kí wọ́n fi ìwọ̀n tí ẹ̀rọ gidi ń lò ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n bí ó ti rí. Àwọn kan ń gbà á, àwọn mìíràn ń kọ̀ ọ́, ojú wọn yóò sì ṣú. Yíyan láàárín ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ tí wọ́n dìídì kọ́ scaler fún. Aago tó ṣeé yí padà ní ìwọ̀n kékeré wà lórí pátákó rẹ̀, nítorí pé irú ẹ̀rọ oríṣiríṣi ló ní láti gbà lálejò. Core tó bá dé ibẹ̀ bá ohun tó ń wá nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀tọ́ àti òfin

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí pín sí apá mẹ́ta, kò sì yẹ kí wọ́n dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni ti ẹ̀rọ àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe NES àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá 20 ọdún tí òfin fi ń dáàbò bo ìdásílẹ̀ ẹ̀rọ, nítorí náà kíkọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi tiwọn kì í ṣe olè jíjà. Èkejì ni ti core. Púpọ̀ nínú wọn ló wà lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, èyí tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti tún wọn ṣe, bí ó bá ti fi àtúnṣe rẹ̀ hàn fún àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú core bẹ́ẹ̀ sórí scaler, tó sì tì í mọ́lé, ti rú àdéhùn. Ẹ̀kẹta ni ti géèmù. Àwọn tó ṣe géèmù tàbí àwọn tó ra ẹ̀tọ́ wọn ṣì ni wọ́n ni ín. Ní Nàìjíríà, òfin Copyright Act 2022 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ọpọlọ tí ó ń dáàbò bò. Pé géèmù ti pẹ́, tàbí pé kò sí lójà mọ́, kò sọ ọ́ di ohun àwọ̀nù.

Ohun tó ń kù nígbà tí ẹ̀rọ bá kú

Ẹni tó fẹ́ ra scaler lónìí máa ń béèrè bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó, àti iye owó rẹ̀. Ìbéèrè kẹta tó yẹ kí ó béèrè ni bóyá wọ́n ṣí pátákó náà sílẹ̀ tàbí wọ́n tì í. Scaler méjì lè ní irú FPGA kan náà, kí ọ̀kan gba àkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á, kí èkejì má gba ohunkóhun àyàfi èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Bí ilé iṣẹ́ èkejì bá kógbá sílé, ibi tó dé ni yóò dúró sí.

FPGA náà kì í ṣe ohun ayérayé. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn kò ní ṣe Cyclone V mọ́, gẹ́gẹ́ bí wọn kò ti ṣe ṣíìpù Family Computer mọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà tí ṣíìpù àtijọ́ kú, ìmọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ìtúpalẹ̀, ìwọ̀n iná àti sùúrù ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi rí i gbà padà. Core kò rí bẹ́ẹ̀. Ludvig Strigeus ọmọ ilẹ̀ Sweden kọ core NES kan fún pátákó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn gbé e lọ sórí MiST, láti ibẹ̀ ó dé MiSTer, ó sì dé Pocket. Pátákó ń yí padà, òǹkọ̀wé kan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òmíràn, àṣìṣe ń dín kù, NES sì wà láàyè síbẹ̀.

Èyí ni ìtumọ̀ gbígbé core sórí scaler. Kì í ṣe eré ọwọ́ lásán, kì í sì í ṣe ọ̀nà láti fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì kí owó má bàa jáde. Gbogbo pátákó tuntun tí core bá dé ni ilé kan sí i tó ní nínú ayé. Ohun tó bá ní ilé kan ṣoṣo, bí ilé náà bá wó, ó parí. Ohun tó nílé púpọ̀, bí ọ̀kan bá wó, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí òmíràn.